Àpò Tí Omi Kò Gbọ́dọ̀ Wọ̀

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni aránṣọ náà ń tẹ́ àwọn aṣọ náà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, bí ó sì ṣe ń tẹ́ wọn ni inú ń bí i sí i. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Funfun báláú ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀. Ní báyìí, omi dúdú ti ṣàn wọ èyí lọ́rùn, ó ti kán sí ìyẹn láyà, ó sì ti ya nǹkan kan tó jọ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sẹ́yìn èyí tí ó rán dáadáa jù nínú wọn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro lára rẹ̀. Òun ni ó ń fi alùpùpù gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn oníbàárà. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ibi yòówù kí wọ́n rán an, ohun tó máa ń sọ kí ó tó wọ bàtà ni pé òun ti dé ibẹ̀ tán.

“Àǹtí, òjò ni,” ni ó wí.

“Mo mọ̀ pé òjò ni. Mi ò sọ pé ìwọ lo tọ̀ sí i.”

“Ẹni tó ta báàgì yẹn fún mi sọ pé omi ò lè wọ̀ ọ́.”

“Ó sọ fún ẹ pé omi ò lè wọ̀ ọ́. Ṣé ó sọ fún ẹ pé aró máa ṣàn lára ẹ̀?”

Kíákíá mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbínú obìnrin yìí dà bí áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ: kì í tètè gbóná, ṣùgbọ́n tó bá gbóná tán, kí oníkálukú yáa kó ọwọ́ rẹ̀ sápò.

“Kí ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wí?”

“Kò pariwo.”

“Ìyẹn gan-an ló burú. Kí ló wí?”

“Ó ní kí ẹ rán òmíràn, kó dé ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá wà lára èyíkéyìí nínú wọn, kí n má wulẹ̀ gbé e wọlé, pé aránṣọ mìíràn wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn.”

Aránṣọ náà jókòó. Àwọn oníbàárà yòókù máa ń wá, wọ́n máa ń lọ; ẹlòmíràn á rán aṣọ kan lónìí, ó di ìgbà tó bá tún sanra. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì yìí ni ó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Bí iṣẹ́ yìí bá lọ, ṣọ́ọ̀bù náà lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn náà jìnnà, èrè ibẹ̀ kò sì lè gba owó mọ́tò, àfi alùpùpù. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi láílọ́ọ̀nù wé ẹrù rí, ṣùgbọ́n okùn àti atẹ́gùn ti ya á jálajàla kí Kíákíá tó dé ìkóríta.

Kò sunkún. Ó gbé báàgì dúdú náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ẹ̀rọ omi sí i lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ lójú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó bà á jẹ́ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, ì báà jẹ́ maṣíìnì ìránṣọ, ì báà jẹ́ àgádágodo.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé aṣọ báàgì náà kò jò. Wọ́n ti fi rọ́bà fẹ́lẹ́ bò ó nínú, omi kàn ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni. Ojú ìránṣọ ni omi ń gbà. Níbi tí wọ́n ti rán ìhà kan mọ́ èkejì, gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ló ń mu omi, òwú tó wà nínú ihò náà sì ń fà á wọlé bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Síìpù rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun ń dí omi lọ́nà.

“Ìbòrí ẹ̀ ńkọ́?” ni ó bi Kíákíá.

Ìbòrí náà dà bí fìlà ńlá tí wọ́n ń dé fún báàgì nígbà òjò. Ó dára fún omi tó ń bọ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn alùpùpù ń ta omi sókè láti ilẹ̀, omi yẹn ń wọ abẹ́ ìbòrí náà, kò sì rí ibi jáde. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń gbára jọ sí. Gbogbo ọ̀nà, láti ilé dé ilé ìwòsàn, báàgì náà jókòó sínú omi bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ nínú bàsíà.

“Áà, ọgbọ́n ẹ nìyẹn,” ni ó wí fún ìbòrí náà, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn, torí pé ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó wá rántí aṣọ tó wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ tún korò.

“Ta ló tà á fún ẹ?”

“Ọ̀gá Sùúrù ni.”

“Gbé alùpùpù ẹ jáde.”

Ọ̀gá Sùúrù ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù àti oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn. “Ẹ ṣe sùúrù” ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo, ì báà jẹ́ oníbàárà ló ń béèrè ọjà, ì báà jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é wá jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, ó ń rùn fún rọ́bà tuntun. Ó so àwọn dígí alùpùpù rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí aránṣọ náà sì ṣe ń wọlé, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀kan nínú ojú náà tó rẹ́rìn-ín.

Ó ju báàgì náà sórí kàǹtà. Omi ta sí ọkùnrin náà láyà.

“Ẹ gba nǹkan yín.”

“Ẹ ṣe sùúrù, ìyá wa.”

“Èmi kọ́ ni ìyá yín. Ká ní èmi ni, ẹ ò bá ti mọ òótọ́ sọ. Ẹ ní omi kì í wọ̀ ọ́.”

“Omi kì í wọ̀ ọ́. Mo máa ń da omi sí i lórí lójú oníbàárà.”

“Ẹ ń dà á sí i láti òkè, lórí kàǹtà, níbi tó dúró sí jẹ́ẹ́. Ṣé kàǹtà yìí ni àbúrò mi fẹ́ máa gùn kiri ni?”

Kíákíá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ọ̀gá Sùúrù nu àyà rẹ̀, ó gbé àpótí kan sílẹ̀ láti òkè. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi òmíràn wò ó. Rọ́bà líle nìyí. Ó ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́. Òjò ò tó bẹ́ẹ̀.”

Aránṣọ náà fa téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọn inú àpótí náà. Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ yóò ní láti ká lọ́nà púpọ̀ kó tó wọ ibẹ̀, bí yóò sì ṣe jáde, ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́ pọ̀ ọ́ sílẹ̀ kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó béèrè iye rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́.

“Iye yìí, ṣé alùpùpù wà nínú ẹ̀ ni?”

“Nǹkan tó dáa ni, ìyá wa.”

“Mo mọ̀ pé ó dáa. Mo béèrè bóyá alùpùpù wà nínú ẹ̀.”

Ọ̀gá Sùúrù gbé báàgì aláwọ kan kalẹ̀, ó ń dán, ó sì ní ìdè onírin lójú. Aránṣọ náà gbé e wò. Ó wúwo ní gbígbẹ. “Tí èyí bá mu omi tán, ta ló máa bá wa gbé e?” Ọkùnrin náà tún gbé báàgì aláṣọ mìíràn kalẹ̀, ó ní ìbòrí ti èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú ni obìnrin náà fi dá a lóhùn, ọkùnrin náà sì dá a padà síbi tó ti mú un.

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni aránṣọ náà wá rí ohun kan tó rọ̀ sára ìṣó, ó yọ̀, ó yèlò ràkọ̀ràkọ̀, ó jọ ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù.

“Kí ni ìyẹn?”

“Èyí? Èyí ò lẹ́wà, ìyá wa. Àwọn apẹja ló máa ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gàn ni kí n gbé e fún yín.”

“Ẹ gbé ẹ̀gàn náà wá.”

Àpò gígùn kan ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdí rẹ̀. Kò ní síìpù. Ńṣe ni wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀ bọ ara rẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, tí wọ́n á wá fi ìdè rẹ̀ méjèèjì kọ́ ara wọn. Aránṣọ náà fi èékánná tọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí òwú. Iná ni wọ́n fi yọ́ ìhà méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn tí wọ́n fi di ara kan ṣoṣo. Ó ká ẹnu àpò náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú, ó gbé e sórí kàǹtà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ súnmọ́ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ yíká.

“Kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?” ni Ọ̀gá Sùúrù bi í. “Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ mi láìdáa ni?”

“Mò ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde. Tí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ò bá ríbi jáde, omi tó wà níta ò ní ríbi wọlé. Ẹ ò nílò garawa.”

Afẹ́fẹ́ kankan kò jáde. Ó na ìdúró, ó nàka sí báàgì dúdú tó ṣì ń kán omi.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá kàn lára nǹkan báyìí, ihò ni. Èmi tí mò ń fi abẹ́rẹ́ jẹun ni mò ń sọ fún yín. Èyí tó bá ní ojú ìránṣọ, ẹ má tún tà á fún ẹnikẹ́ni pé omi kì í wọ̀ ọ́.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ẹ ò tíì gbọ́. Ẹ sọ ọ́.”

“Ibi tí abẹ́rẹ́ bá kàn, ihò ni,” ni Ọ̀gá Sùúrù wí, bí ọmọ iléèwé. Àpò àwọn apẹja náà kò wọ́n, wọ́n fi báàgì dúdú náà pààrọ̀ rẹ̀, obìnrin náà fi owó díẹ̀ lé e, wọ́n sì jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kò sinmi. Ó rán gbogbo aṣọ náà lọ́tun. Ó kù díẹ̀ kí ó parí ni Kíákíá fi àpò yèlò náà gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà mìíràn láti dán an wò, tó sì padà dé pẹ̀lú ojú fífàro. Aṣọ́bodè ibi tó lọ kò jẹ́ kó wọlé. Ó ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn tó ń kó ìdọ̀tí máa ń gbà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká aránṣọ náà lára gidigidi. Iṣẹ́ ọwọ́ òun, nínú àpò ìdọ̀tí? Nígbà tí Kíákíá jáde lọ ra epo, ó gé aṣọ funfun kan, ó fi òwú aláwọ̀ búlúù ya sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ sí i lára, àmì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì rán an mọ́ ojú àpò náà yíká, ní ìlọ́po méjì, pẹ̀lú ojú ìránṣọ tó kéré tó sì tò bí eyín ọmọdé. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi ohun kan sílẹ̀ ní òfìfo. Ó gbé e kọ́, ó jìnnà sí i, ó wò ó, ó wá jọ àpò ẹni tó mọṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó jí. Kíákíá ní òun á dé ibẹ̀ kíákíá.

“Èmi náà ń bọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ń wọ aṣọ òjò.

“Ẹ̀yin náà? Lórí alùpùpù?”

“Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹni tó máa da omi sí i lọ́tẹ̀ yìí.”

Wọ́n fi okùn rọ́bà de àpò náà mọ́ kárìà ẹ̀yìn, àmì ṣọ́ọ̀bù dojú kọ ẹ̀yìn kí gbogbo ayé lè rí i. Aránṣọ náà jókòó sí àárín, ó fi ẹ̀yìn ti àpò, ó di àbúrò rẹ̀ mú. Òjò náà kò wá láti òkè nìkan, ó ń wá láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́ táyà àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí Kíákíá lè rí níwájú mọ́, ó sì yà sí abẹ́ òrùlé ilé epo kan, níbi tí àwọn èèyàn ti dúró jọ ń wo òjò.

Aránṣọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ẹnu àpò náà díẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti fọwọ́ kan aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ bá ohun tútù pàdé. Ó fà á yọ, ó wò ó. Omi ni.

Gbogbo ohun tó ti ń gbóná nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá bọ́ síta.

“Mo ní kí o ká ẹnu ẹ̀ dáadáa. Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé ọwọ́ ẹ ò lè ṣe ohun kan délẹ̀ láyé ẹ? Kíákíá, Kíákíá. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú ẹ lo fi ń ṣe yangàn. O ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, mo gbà. O tún ba èyí jẹ́. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, kó o máa rẹ́rìn-ín lọ.”

Àwọn tó dúró síbẹ̀ yíjú sí wọn. Obìnrin tó ń ta epo fi ọwọ́ lé ìbàdí. “Àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí,” ni ó wí, “ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Kíákíá kò gbé ohùn sókè. “Àǹtí, mo ká a bí ẹ ṣe ní kí n ká a.”

“Na ọwọ́ ẹ.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ lé e lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ká ẹnu àpò náà gbẹ fúrúfúrú. Àwọn aṣọ òkè gbẹ. Àwọn ti àárín gbẹ. Méjì péré tó fara ti ìhà ẹ̀yìn ni omi ti mú lápá àti lọ́rùn. Aránṣọ náà dúró, ojú rẹ̀ yí padà. Ohun tó rí yìí kò bá ìbínú rẹ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ni omi gbà wọlé, ti òkè ni ìbá kọ́kọ́ tutù.

Ó ká ẹnu àpò òfìfo náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú, ó gbé e sórí ìjókòó alùpùpù, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn. Ìsopọ̀ ọ̀tún kò ní nǹkan. Ìsopọ̀ òsì kò ní nǹkan. Ó yí i padà. Afẹ́fẹ́ tútù tín-ínrín kan fẹ́ sí i létí, òmíràn fẹ́ sí i lẹ́nu, ó ń jáde fín-ín, fín-ín, ní ìlà títò, yíká sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù.

Aránṣọ náà fi ìka tọ ìlà náà yíká.

“Ẹ ní gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá kàn,” ni Kíákíá wí, aṣọ ṣì kún ọwọ́ rẹ̀.

“Mo mọ ohun tí mo ní.”

“Ẹ tiẹ̀ ní kí Ọ̀gá Sùúrù sọ ọ́.”

“Mo ní mo mọ ohun tí mo ní.”

Inú tó ń bí i kò rọ̀ rárá, ibi tó ń lọ ló yí padà. Ó wá ń jó o nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè kọ ojú rẹ̀ sí. Ó tú àpò ọwọ́ rẹ̀ wò, ó mú ìda tó máa ń fi pa òwú jáde kí òwú má bàa lọ́. Ó fi ẹnu ìda náà kan páìpù èéfín alùpùpù tó ṣì gbóná, ó yọ́, ó fi àtàǹpàkò kó o, ó sì ń fi í pa ojú ìránṣọ náà, níta àti nínú, ihò kan tẹ̀lé òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ fi dí. Páìpù náà jó o níka lẹ́ẹ̀mejì. Kò ké. Ó rò pé ó tọ́ sí òun. Ó tún tẹ àpò náà, ó tún fetí sí i. Afẹ́fẹ́ kò jáde mọ́. Ó kó àwọn aṣọ gbígbẹ padà sínú rẹ̀, ó wé méjì tó tutù sábẹ́ aṣọ òjò tirẹ̀, ó sì ní kí Kíákíá dè é kí àmì náà dojú kọ ẹ̀yìn òun. Táyà kò ní rí i níbẹ̀.

Wọ́n dé. Ọ́fíìsì ọ̀gá nọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní, aago ń ró lára ògiri. Ojú obìnrin náà le, kò ní ìrísí ẹni tí ẹnikẹ́ni ń bá ṣàwàdà. Ó fọwọ́ kan aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, lápá, nísàlẹ̀. Kíákíá dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

“Méjì kù,” ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wí.

Aránṣọ náà mú wọn jáde lábẹ́ aṣọ òjò rẹ̀. “Wọ́n rèé. Wọ́n tutù.”

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì gbé ọ̀kan sún mọ́ fèrèsé, ó wá aró lára rẹ̀, kò rí i. “Mo sọ pé ẹ̀kán omi kan.”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló tún ta báàgì jíjò fún yín? Àbí ẹni tó gbé e wá yìí ló bà á jẹ́?”

Kíákíá wolẹ̀. Ó ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Báàgì ò jò,” ni aránṣọ náà wí. “Èmi ni mo rán àmì mọ́ ọn lára, mo sì fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí i. Ẹni tó gbé e wá ò ṣe nǹkan kan. Ó ká a dáadáa.”

“Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ.”

“Èmi ni.”

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìka aránṣọ náà tí iná jó, ó wo aṣọ náà, ó wo ojú ìránṣọ rẹ̀ láti inú. “Ẹ kọ́ méjèèjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Omi lásán ni, wọ́n á gbẹ. Ẹ ṣì lè rán ti oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún rí omi, ẹ má ṣàlàyé ibi tó gbà wọlé fún mi.”

Nígbà tí wọ́n jáde, òjò ti dá. Kíákíá ń tú okùn rọ́bà, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ,” ni ó wí níkẹyìn. “Àwọn ará ilé epo ò gbọ́ ọ.”

Aránṣọ náà gun ẹ̀yìn alùpùpù. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ilé epo náà, ó gbá a léjìká pé kó yà. Àwọn tó ń sá fún òjò ti lọ. Àwọn mìíràn ló tò sídìí ẹ̀rọ, obìnrin tó ń ta epo sì di ẹnu ẹ̀rọ náà mú.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ni aránṣọ náà wí fún un. “Ti àárọ̀ yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi, àbúrò mi kọ́.”

“Ẹ ní kí lẹ fẹ́ rà?”

“Mi ò ra nǹkan kan. Mo ní ẹ̀bi mi ni. Mo pariwo mọ́ ọn níbí yìí, ẹ sì bá mi dá sí i.”

“Èmi?” Obìnrin náà wò ó dáadáa. “Èmi ò rántí yín o, àǹtí. Àwọn èèyàn pọ̀ níbí láàárọ̀.”

Ẹ̀jẹ̀ tún ru aránṣọ náà sójú. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, sókè díẹ̀: òjò, àpò, àmì, abẹ́rẹ́. Àwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ ti ń nàgà wò ó. Ọkùnrin kan bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹni yẹn ní ó jọ pé wọ́n jí báàgì obìnrin náà ni.

“Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan,” ni aránṣọ náà wí, ó kọjú sí gbogbo wọn. “Àbúrò mi rèé. Ó mọ báàgì ká. Kí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀ gbọ́ ọ.”

“Àǹtí,” ni Kíákíá wí lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, “ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Kò tíì tó,” ni ó dáhùn, inú ṣì ń bí i. “Obìnrin yìí ò tíì rántí.”